Bí Alágbàfọ̀ Ṣe Di Ẹni Méjì

Ẹni tó bá ń fọ aṣọ ẹlòmíràn jẹun, kò ní pẹ́ tí kò fi ní gba ẹnu èèyàn gbọ́ mọ́. Ọkùnrin á wọlé, á ní òun kì í fẹnu kan ọtí, bẹ́ẹ̀ àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jẹ́wọ́ kó tó dé orí káńtà. Ìyàwó ilé á ní ọmọ òun ló da epo sí òun lára, bẹ́ẹ̀ epo ọ̀hún wà lẹ́yìn ọrùn, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kankan kò lè dé àfi tó bá gun àkàbà. Alágbàfọ̀ tí ìtàn yìí dá lé lórí kì í bá wọn jiyàn. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á fi òwú pupa ran àmì kékeré sí abẹ́ kọ́là kí aṣọ má baà sọnù, á ní, "Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀." Ohun tó bá rí, inú rẹ̀ ló ń gbé. Inú rẹ̀ sì ti kún.

Ìdí nìyí tí obìnrin tó rẹwà báyìí, tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó kọ́ ilé tí bàbá rẹ̀ ń gbé, kò fi tíì ní ọkọ ní ọjọ́ orí tí ẹbí ti ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ti wá kò kéré. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, lọ́fínńdà obìnrin mìíràn ni Alágbàfọ̀ bá lára kóòtù rẹ̀. Ó fọ kóòtù náà, ó lọ̀ ọ́, ó fi ọ̀rá bò ó dáadáa, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó wá ní kí onítọ̀hún má ṣe jẹ́ kí òun tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Akáńtà dé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè wo ọkùnrin náà kó pè é ní nǹkan mìíràn. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń to bírò sí àpò àyà bí ẹni tó ń retí pé ìgbàkigbà ni wọ́n lè pe òun wá fọwọ́ sí nǹkan. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló gbé wá. Ó gbé wọn lé orí káńtà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ wọ́n."

Nígbà tó lọ tán, Alágbàfọ̀ yí kọ́là àkọ́kọ́ padà. Ó mọ́. Ó yí èkejì padà. Ó mọ́. Ó gbé abíyá èyí tó tẹ̀lé e sí imú. Òórùn ọṣẹ ló gbọ́, kì í sì í ṣe ọṣẹ tirẹ̀.

"Hẹn-ẹn," ló wí.

Ọkùnrin tó ní ẹni tó ń fọṣọ fún un nílé, kí ló wá ń wá lọ́dọ̀ alágbàfọ̀? Ta sì ni ẹni ọ̀hún?

Kò béèrè. Ó tún aṣọ tó ti mọ́ fọ̀, ó gbowó rẹ̀. Ọkùnrin náà padà wá, ó tún padà wá, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ nigín-nigín nígbà gbogbo. Á fara ti káńtà, á máa sọ̀rọ̀. Obìnrin náà á máa lọṣọ, á máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Alágbàfọ̀ ṣàkíyèsí pé òun kì í gbàgbé láti fi yẹtí sétí lọ́jọ́bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nítòsí fẹ́ gbé gbogbo aṣọ ìbùsùn àti táwẹ́ẹ̀lì wọn fún un fọ̀. Iṣẹ́ tí yóò jẹ́ kó lè ra ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá tó ti máa ń lá lálàá ni. Ṣùgbọ́n lọ́yà wọn ní àwọn kì í bá èèyàn ṣàdéhùn, kọ́ńpìnnì nìkan ni àwọn ń bá ṣe. Alágbàfọ̀ sọ ọ́ fún Akáńtà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Ojú ọkùnrin náà tàn yanran. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ ti yẹ kẹ́ ẹ ṣe é tipẹ́. Òwò àdáṣe lẹ̀ ń ṣe báyìí. Ẹ̀yin àti ṣọ́ọ̀bù yìí, lójú òfin, ẹnì kan ṣoṣo ni yín. Tí áyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ ìgbéyàwó ẹnì kan, tí wọ́n sì pè yín lẹ́jọ́, wọn ò ní dúró lórí ẹ̀rọ o. Wọ́n lè dé ilé tí Bàbá ń gbé, torí orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di kọ́ńpìnnì, ẹni ọ̀tọ̀ nìyẹn. Òun ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́."

"Ẹni ọ̀tọ̀."

"Ẹni ọ̀tọ̀ pátápátá. Òfin ló bí i. Kì í jẹun, kì í sùn, kì í ṣàìsàn."

"Ta wá ni bàbá ẹ̀?"

Akáńtà rẹ́rìn-ín títí tí bírò kan fi jábọ́ lápò rẹ̀. Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ló bi í.

"Kì í ṣe pé kò ní wàhálà tiẹ̀," ni ọkùnrin náà ń bá a lọ, ó ń wá bírò nílẹ̀. "Ìwé ọdọọdún á wà, owó orí tiẹ̀ lọ́tọ̀ á wà. Ẹ ò sì ní lè kàn ki ọwọ́ bọ dúróò kẹ́ ẹ mú owó fi ra bàtà mọ́. Owó kọ́ńpìnnì nìyẹn, kì í ṣe tiyín."

"Nínú dúróò mi?"

"Dúróò kọ́ńpìnnì, mà."

Ibẹ̀ gan-an ni ara ti fu ú. Láti ìgbà tó ti ń fi ọwọ́ fọṣọ nínú bàsíà lẹ́yìnkùlé, kò tíì sí ẹ̀dá kan tó sọ fún un pé dúróò rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọkùnrin tí òun kò tíì mọ ẹni tó ń fọṣọ fún un ló wá ń sọ ọ́ yìí, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Akáńtà ní kí wọ́n jọ rìn dé ibi ìjókòó tó wà níwájú ilé ìkàwé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tutù. Ó nu orí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú áńkáṣíìfù kó tó jẹ́ kó jókòó. Áńkáṣíìfù náà mọ́.

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ," ló wí. Bó ṣe kúrò lórí "ẹ̀yin" bọ́ sórí "ìwọ" nìyẹn, láìgba àyè.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Alágbàfọ̀. Bó ṣe dùn mọ́ ọn tán ló rántí. "Lọ́sẹ̀ yìí kan náà lo fẹ́ kí n di kọ́ńpìnnì. Èwo nínú méjèèjì lo kọ́kọ́ rò?"

"Wọ́n wọnú ara wọn ni. Wò ó, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹnì kan náà ni ìwọ àti ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fẹ́ ọ, ó ti fẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ nìyẹn. Àwọn èèyàn á máa wò mí bákan. Èmi ò fẹ́ fẹ́ ẹ̀rọ. Kí òfin là yín sí méjì, kí n lè mú ọ̀kan."

Kò sí ọkùnrin tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Ó fẹ́ gbá a mọ́ra. Ohun tó sọ ni pé, "Màá rò ó."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Bàbá Alágbàfọ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò tíì jẹ́ kí táì mọ̀ pé òun ti fẹ̀yìn tì. Inú pálọ̀ ló ti máa ń so ó, á jókòó sórí àga tó dojú kọ ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé. Àbúrò Bàbá obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ alárinà ni Àǹtí yàn láàyò. Ó ti so ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè iye àwọn tó ṣì wà papọ̀.

"Akáńtà," ni Bàbá wí, bí ẹni tó tọ́ nǹkan kíkorò wò. "Ọkùnrin tí kò tíì gbé ọ níyàwó, tó ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan. Mo ti rí irú wọn."

"Níbo lẹ ti rí wọn, Bàbá?"

"Mo ti rí wọn."

Àǹtí fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Má dá bàbá ẹ lóhùn. Dán an wò ni. Sọ fún un pé o máa fún un ní ìdajì ìpín kọ́ńpìnnì náà. Ojú ẹ̀ ni kó o máa wò. Ọkùnrin lè fi ẹnu purọ́, ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ 'ìdajì', ojú ẹ̀ á sọ̀rọ̀."

Ó dán an wò. Nídìí káńtà ló ti sọ ọ́, ó mú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, kó má baà dà bí ẹni pé ó rò ó tẹ́lẹ̀.

"Mo ti pinnu. Ìdajì èmi, ìdajì ìwọ."

Ojú Akáńtà sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rù ló bà á. "Rárá o! Má ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ ìpín kankan. Má tiẹ̀ fi orúkọ mi síbẹ̀ rárá."

"Ìdámẹ́wàá ńkọ́?"

"Òdo ni mo fẹ́."

Ìròyìn òdo yìí dé pálọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan? Áà. Ó burú jù bí mo ṣe rò lọ. Tó bá gba ìdajì, olè ni. Tó bá kọ̀ ọ́, olè tó kàwé ni."

"Kí ló wá yẹ kó sọ, Bàbá, tí kò fi ní jẹ́ olè?"

Bàbá ronú. "Kò yẹ kó wá rárá."

Alágbàfọ̀ wọ yàrá rẹ̀, ó jókòó sétí ibùsùn. Inú rẹ̀ kò dùn nítorí pé, pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ṣe pani lẹ́rìn-ín tó, òun náà ti rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ohun tó o ní, kí ló ń fẹ́? Ṣé wọ́n lè fẹ́ èèyàn lásán, láìsí dúróò, láìsí ẹ̀rọ, láìsí orúkọ lórí pátákó? Kò dá a lójú. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́n ni òun àti iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan. Tí wọ́n bá wá là wọ́n sí méjì, tí wọ́n mú iṣẹ́ sápá kan, kí ló máa kù lápá kejì tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbé sílé?

Òtẹ́ẹ̀lì tún ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn kò lè dúró pẹ́ mọ́.

Nígbà náà ló jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì fún Àǹtí. Àǹtí pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyàwó ló wà nílé ẹ̀! Ìwọ sì mọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Mi ò mọ̀. Mo kàn ń fura ni."

"Ìfura wo? Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin àpọ́n mọ́ tónítóní, o ní ò ń fura. Gbé báàgì ẹ. À ń lọ síbẹ̀ báyìí."

Ọ̀sán Sátidé ni. Ilé Akáńtà jẹ́ ilé kékeré oníyàrá méjì, ó mọ́ níwájú, kò sí ẹnì kankan tó dáhùn nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ omi lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ń gbọ́ orin pẹ̀lú, ohùn tó ń kọ ọ́ kò sì dáa. Àǹtí fi ìka sẹ́nu, ó ṣíwájú, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé bí olè.

Akáńtà ló wà níbẹ̀, lórí ìjókòó kékeré, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé. Fóòmù ọṣẹ ti bo bàsíà, ó ti bo apá rẹ̀ méjèèjì, ó ti dé etí rẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọbàtà ń ha kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí ẹni tó ń ha ìpẹ́ ẹja.

"Ẹ káàsán o," ni Àǹtí wí.

Ọkùnrin náà dìde lójijì, bàsíà dojú dé.

Alágbàfọ̀ wo inú ilé láti ojú fèrèsé. Àga kan, tábìlì kan, ife kan. Ó wo okùn ìsáṣọ. Aṣọ ọkùnrin nìkan. Ó yíjú padà.

"Ta ló ń fọṣọ fún ẹ?"

"Èmi ni."

"Látìgbà wo?"

"Láti... láti ìgbà tí mo ti ń gbé e wá fún ẹ." Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Lálẹ́ kí n tó kọ́kọ́ wá, mo wo kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo ní, kí obìnrin yẹn rí èyí? Kó gbé e sí ojú, kó mọ bí mo ṣe ń làágùn tó? Ojú tì mí. Mo bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́."

"Alágbàfọ̀ lo ń gbé aṣọ mímọ́ wá fún."

"Mo mọ̀."

"Mo sì ń gbowó ẹ!"

"Ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Alágbàfọ̀ gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó wo kọ́là tó ti ṣí fínrín-fínrín létí. Ìbínú gidi ló wá dé. "Èyí ló ń tú òwú kọ́là rẹ? Ẹ̀rọ mi ni mo rò pé ó ń jẹ aṣọ! Mo ti ní kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ tú u palẹ̀ kó tún un tò nítorí ẹ! Búrọ́ọ̀ṣì ìfọbàtà! Ṣé bàtà lo fi sọ́rùn ni?"

Àǹtí ti jókòó sórí ìjókòó kékeré náà, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè dìde.

Èèyàn á rò pé ìfura parí síbẹ̀. Kò parí. Ó kàn ṣí kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn ni. Nígbà tí wọ́n délé, tí Àǹtí ròyìn tán, tí Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín tó sì fi ikọ́ bò ó, ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnnì tún jáde.

"Tó bá jẹ́ pé a máa ṣe é," ni Bàbá wí, bẹ́ẹ̀ lánàá kò tíì sí "a" níbẹ̀, "kọ́ńpìnnì nílò alága. Ẹni tó lójú ayé. Ẹni tó ti darí èèyàn rí. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o."

"Alága alágbàfọ̀, Bàbá?"

"Alága ni alága. Wọ́n lè kọ ọ́ sí pátákó, kó má tóbi jù. Kó sáà ṣeé kà látòdìkejì òpópónà."

"Èmi ò fẹ́ pátákó," ni Àǹtí wí. "Ìpín kékeré ló tó mi. Ta ló bá yín ṣe wàhálà títí dé ẹ̀yìnkùlé?"

Alágbàfọ̀ wo bàbá rẹ̀, ó wo Àǹtí. Ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì dé ọkàn. Ó sì wá rí i, bí ó ṣe máa ń rí àbàwọ́n tí omi gbígbóná bá gbé jáde, pé láti ọdún pípẹ́ ni ọwọ́ wọn ti wà nínú dúróò yẹn, pẹ̀lú ìfẹ́, pẹ̀lú àdúrà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣí i fún wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tó ti sọ pé òdo ni òun fẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní olè.

Síbẹ̀, ó ku ìdánwò kan. Ó bá Akáńtà níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣíwọ́ iṣẹ́.

"Mi ò ṣe kọ́ńpìnnì mọ́. Kí òtẹ́ẹ̀lì máa lọ. Kí èmi àti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ẹnì kan báyìí títí láé."

Ó wo ojú rẹ̀ bí ó ṣe ń wo aṣọ. Ó dúró kí nǹkan jáde níbẹ̀: ìbínú, ìjákulẹ̀, ẹ̀bẹ̀.

Akáńtà fara balẹ̀ rò ó. "Kò burú náà. Ìwé á dínkù. Kí o sáà ra ìwé adójútòfò, kí ẹjọ́ má baà dé ilé Bàbá. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńkọ́? O ní o ò fẹ́ fẹ́ ẹ̀rọ."

Ó mí kanlẹ̀. "Màá fẹ́ ẹ̀yin méjèèjì. Kí ni kí n ṣe?"

Alágbàfọ̀ ní kó máa lọ sílé, òun ní iṣẹ́.

Ìdánwò ti parí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló mú ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Akáńtà mìíràn ló bá a to àwọn ìwé rẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí kò mọ̀ wọ́n rí. Kò fẹ́ kí ìfura kankan kù. Ó jẹ́ kí Akáńtà tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kó má ṣe la ẹnu. Ọkùnrin náà jókòó, ó kó ọwọ́ sórí orúnkún bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Akọ̀wé obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ń ka ìbéèrè jáde láìgbójú sókè. "Ta ló ni ìpín?"

"Èmi."

"Mélòó nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Olùdarí?"

"Èmi."

"Alága?"

"Kò sí alága."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. "Ó ku ọ̀kan. Kọ́ńpìnnì ẹlẹ́nìkan bíi tiyín yìí, a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó máa bọ́ sí lọ́wọ́ tí nǹkan bá ṣe yín. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o. Gbogbo ẹ̀ ló máa di tiẹ̀."

Alágbàfọ̀ yíjú sẹ́yìn. "Wá sọ orúkọ rẹ fún wọn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́."

Akáńtà dìde, ó tún jókòó. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Kọ ti Bàbá. Tàbí ti Àǹtí."

"Orúkọ rẹ ni mo bi ọ́."

Ó wá, ó sọ ọ́. Akọ̀wé gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ti rí oríṣiríṣi.

"Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Ọkọ mi ni," ni Alágbàfọ̀ wí.

Bírò akọ̀wé ń lọ lórí ìwé. Akáńtà di gíláàsì mú.

"O ò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ìjọba ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún yìí. Ṣé o fẹ́ kí n padà lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni?"

Ó yẹ kí ọkùnrin náà fò sókè. Àmọ́ ojú rẹ̀ ló rọra dín, iwájú orí rẹ̀ ká jọ. Alágbàfọ̀ mọ ojú yẹn dáadáa. Inú dígí ló ti máa ń rí i, lójú ara rẹ̀.

"Dúró ná," ni Akáńtà wí. "Lánàá o ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé kan. Lónìí gbogbo ẹ̀ ni. Kí ló dé? Kí lo rí? Kí lo ń fẹ́ gan-an?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Alágbàfọ̀, gbogbo ọ́fíìsì yíjú wò wọ́n. Ó fa bírò kan yọ nínú àpò àyà ọkùnrin náà, ó tẹ̀ síwájú kó lè fọwọ́ sí ìwé.

"Máa rò ó lọ," ló wí. "A máa jọ pẹ́."